"Take Off": Ọ̀rọ̀ Tó Ń Bọ́ Bàtà, Tó Tún Ń Gbé Bààlúù

Ẹni tó bá ti mọ̀ pé "take" ni "mú" tàbí "gbà," tó sì mọ̀ pé "off" ni "kúrò," lè rò pé òun ti mọ "take off" tán nìyẹn. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́rin yìí: "Take off your shoes." "The plane took off." "She takes off her boss." "They took five hundred naira off the price." Nínú ti àkọ́kọ́, bàtà ni wọ́n ní kí ẹnìkan bọ́. Nínú ìkejì, bààlúù ló gbéra. Nínú ìkẹta, obìnrin kan ló ń sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ, tí àwọn ará ọ́fíìsì ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Nínú ìkẹrin, ọlọ́jà ti yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kúrò lórí owó ọjà. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ló ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Irú àkànpọ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní "phrasal verb": ọ̀rọ̀-ìṣe tó wọ́pọ̀, bíi take, put, give tàbí get, tí wọ́n wá so ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ nídìí, bíi off, up, out tàbí in. Ìwé tí Logan Pearsall Smith gbé jáde ní 1925 ló sọ orúkọ náà di mímọ̀. Ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí orúkọ tó dé. Nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó lókìkí jáde ní 1755, ó sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé irú àkànpọ̀ yìí ló ń fún àjèjì ní ìṣòro jù lọ nínú èdè àwọn. Ó to àpẹẹrẹ sílẹ̀, "take off" sì wà lára wọn. Ohun tó dùn mọ́ni ni pé ìtumọ̀ tó fún un níbẹ̀ kò kan aṣọ. Kò sì lè kan bààlúù, nítorí kò tíì sí bààlúù láyé. Ohun tí Johnson kọ ni pé ó túmọ̀ sí kí èèyàn ṣe àfarawé nǹkan.

"Take" fúnra rẹ̀ kì í ṣe onílé ní England. Àwọn Viking tó ti Scandinavia wọ ọkọ̀ ojú omi wá, tí wọ́n kọ́kọ́ jà kí àwọn kan nínú wọn tó fìdí kalẹ̀, ni wọ́n gbé e dé. "Niman" ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀, kí "take" tó gba ipò rẹ̀. "Off" ní tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ látijọ́. Òun àti "of" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nígbà kan rí, kí wọ́n tó pínyà. Pé nǹkan kan ń kúrò lára òmíràn ni "off" ń sọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Kó má wo "take" rárá, "off" ni kó tẹjú mọ́. Nǹkan kan wà lára nǹkan, kò sí níbẹ̀ mọ́: gbogbo ohun tí "off" ń sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà wà lẹ́sẹ̀, ó ti kúrò lẹ́sẹ̀. Bààlúù wà nílẹ̀, ó ti kúrò nílẹ̀. Owó wà lórí ọjà, wọ́n ti yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gba ìsinmi ní ọjọ́ Ẹtì, "She is taking Friday off" ni, nítorí ọjọ́ yẹn ti kúrò lára ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kódà ẹni tó rí ọlọ́pàá tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, "he took off" náà ni wọ́n máa sọ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, ibẹ̀ sì ni ọmọ Yorùbá ti máa ń ya ẹnu pé Gẹ̀ẹ́sì mà láwun o. Ní èdè Yorùbá, ohun tó wà lára ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tí a máa fi yọ ọ́. Ẹ̀wù àti bàtà, bíbọ́ ni. Fìlà, ṣíṣí ni. Gèlè, títú ni. Òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀, yíyọ ni. Bí a ṣe ń kó wọn sára náà nìyẹn: a wọ ẹ̀wù, a dé fìlà, a wé gèlè, a ró ìró, a fi òrùka sọ́wọ́. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ "wọ fìlà" ti fi ara rẹ̀ hàn fún àgbà pé ẹnu rẹ̀ kò tíì gbó nínú èdè. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kó gbogbo wọn dà sínú "put on" fún wíwọ̀ àti "take off" fún bíbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá ìyàwó kan tó ti òde ìgbéyàwó dé, tó ti rẹ̀ ẹ́, tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì lè kọ ọ́ báyìí: "She took off her shoes, her gele, her beads, her glasses and her make-up." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni "took off" jáde, ó sì gbé gbogbo ẹrù náà. Ẹni tó máa sọ ọ́ ní Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó tú gèlè, ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ àti gíláàsì ojú, ó wá nu àtíkè ojú rẹ̀ kúrò. Yẹtí rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni "off" ti máa ń fi ara hàn. Yẹtí tó gba inú ihò etí kọjá, "take out" ni wọ́n sábà ń lò fún un, nítorí inú ihò ló ti ń jáde. Èyí tó kàn há mọ́ etí ni "take off" tọ́ sí.

Lẹ́yìn ìtumọ̀, ètò gbólóhùn ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé sì ti ń pàdánù máàkì. "Take off your shoes" tọ̀nà. "Take your shoes off" náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí "them" bá ti rọ́pò bàtà, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un, ìyẹn àárín: "Take them off." Ẹni tó bá kọ "Take off them," olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i.

Òfin yìí kò sì yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá, nítorí irú rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Àwọn onígírámà wa ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là: bàjẹ́, rẹ́jẹ, gbàgbọ́, sínjẹ. Ó ba ilé jẹ́. Ó bà á jẹ́. Wọ́n rẹ́ ọmọ náà jẹ. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin tó gbọ́ Yorùbá tó máa ní "ó bàjẹ́ ilé." Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá le ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí ó ṣe orúkọ ni, bí ó ṣe arọ́pò-orúkọ ni, àárín ni kó wà. Gẹ̀ẹ́sì fún orúkọ ní àyè láti yan ibi tó wù ú, arọ́pò-orúkọ nìkan ló dè mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ kọ "bà á jẹ́" sójú pátákó kó tó kọ "take it off" sábẹ́ rẹ̀ ti fi ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ náà sẹ́yìn.

Ti bààlúù yàtọ̀. Ibẹ̀ kò ní àbọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó lè wọ àárín. "The plane took off" ni, "the pilot took off" sì lè jẹ́. "The pilot took off the plane" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Ìtumọ̀ tó jọ ti Johnson, ìyẹn sísín èèyàn jẹ, kò tíì kú, àwọn ará Britain ló sì ń lò ó jù. Wọ́n á ní ẹnìkan "takes off" olórí ìjọba, bó bá ń sọ̀rọ̀ bí i tirẹ̀, tó ń rìn bí i tirẹ̀, tó ń wọ irú aṣọ rẹ̀. Ohun tí aláwàdà MC Tagwaye fi Muhammadu Buhari ṣe nígbà tó jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà nìyẹn gẹ́lẹ́: ohùn, ìdúró, fìlà. Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ yìí, tó wá rí i nínú ìwé ìròyìn London pé aláwàdà kan "took off the Prime Minister," á ní ṣé ó jí olórí ìjọba gbé ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, bààlúù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ bààlúù ni ìtumọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, ẹni tó ń fò àti ẹṣin tó ń fo ọgbà ti ń "take off." Ó ṣì wà nínú eré ìdárayá báyìí. Pátákó tí eléré fífò jìnnà máa ń tẹ̀ kó tó fò, "take-off board" ló ń jẹ́. Ní Atlanta ní 1996, nígbà tí Chioma Ajunwa fo mítà 7.12, tó gba góòlù Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà, etí pátákó yẹn ni wọ́n ti wọn fífò rẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá kọjá etí náà, òfo ni, bó ti wù kí eléré fò jìnnà tó. Nígbà tí Orville Wright sì gbé ọkọ̀ òfurufú tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn kúrò nílẹ̀ nítòsí Kitty Hawk ní North Carolina, ní ọjọ́ 17 oṣù December 1903, tó fò fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò ti wà nílẹ̀ dè é.

Ìwọ̀nba ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan náà lọ́wọ́ nínú ìjàǹbá tó burú jù nínú ìtàn ọkọ̀ òfurufú.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù March 1977. Bọ́ǹbù bú ní pápákọ̀ òfurufú Las Palmas ní erékùṣù Gran Canaria, tó jẹ́ ti Spain. Wọ́n bá darí àwọn bààlúù tó ń bọ̀ níbẹ̀ lọ sí Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife, pápákọ̀ kékeré tó jẹ́ pé ọ̀nà ìgbéra kan ṣoṣo ló ní. Boeing 747 méjì wà lára wọn: ti KLM láti Amsterdam, àti ti Pan Am láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Las Palmas tún ṣí padà, bààlúù ti pọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ débi pé orí ọ̀nà ìgbéra fúnra rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní láti gbà dé ìdí rẹ̀. KLM ṣáájú. Ó dé òpin, ó yí padà, ó kọjú sí ibi tó ti wá. Pan Am ṣì wà lórí ọ̀nà kan náà, ó ń wá ibi tí yóò yà sí. Ìkúùkù sì bo gbogbo ilẹ̀. Bààlúù méjèèjì kò rí ara wọn, adarí bààlúù tó wà nínú ilé ìṣọ́ kò rí ìkankan nínú wọn, kò sì sí rádà tó lè fi ibi tí wọ́n wà nílẹ̀ hàn án.

Jacob Veldhuyzen van Zanten ni ọ̀gá awakọ̀ KLM. Ó ti fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì lágbára nígbà tí igbákejì rẹ̀ rán an létí pé wọn kò tíì gba àṣẹ. Ó ní kí igbákejì béèrè. Adarí bá ka ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀ lójú òfurufú fún wọn: ibi tí wọn yóò gòkè dé, àti ọwọ́ tí wọn yóò yà sí lẹ́yìn "take-off." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu adarí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àlàyé ọ̀nà lásán ló ń ṣe, kì í ṣe àṣẹ pé kí wọ́n gbéra. Igbákejì awakọ̀ tún ohun tó gbọ́ kà padà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà, ó wá fi kún un pé àwọn ti wà "at take-off."

Kí ló ní lọ́kàn? Èdè Dutch ni èdè rẹ̀, àwọn kan sì ti tọ́ka sí i pé nínú èdè yẹn, irú ọ̀rọ̀ kékeré bíi "at" yìí máa ń sọ pé ìṣe kan ń lọ lọ́wọ́. Bóyá "à ń gbéra báyìí" ló fẹ́ wí. Adarí, tó jẹ́ ará Spain, gbọ́ ọ sí "a ti dé ibi tí a ti máa gbéra, à ń retí yín." Ó dáhùn pé "OK," ó dúró díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n ṣì máa retí, òun yóò pè wọ́n. Àkókò yẹn gan-an ni Pan Am náà bọ́ sórí rédíò láti sọ pé àwọn ṣì wà lórí ọ̀nà. Ohùn méjì pàdé lórí ìkànnì kan ṣoṣo, ìró bí i súfèé sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tó dé etí àwọn KLM kedere ni "OK."

Ẹlẹ́ńjìnnì tó wà pẹ̀lú wọn béèrè bóyá Pan Am ò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Wọ́n ń sáré lọ.

Èèyàn 583 ló kú. Nínú KLM, kò sí ẹnikẹ́ni tó yè nínú àwọn 248 tó wà níbẹ̀. Nínú Pan Am, èèyàn 61 ló jáde láàyè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkúùkù wà níbẹ̀, ìkánjú wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí ọmọ abẹ́ lè tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣòfin ìrìnnà òfurufú kò fojú fo ọ̀rọ̀ náà dá. Lábẹ́ ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, lónìí, "take-off" kò gbọdọ̀ jáde lórí rédíò àfi bí adarí bá ń pàṣẹ gbígbéra gan-an, tàbí tó ń gba àṣẹ náà padà. Awakọ̀ tó bá ti múra tán, "ready for departure" ló máa sọ. Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAO, nítorí náà awakọ̀ tó ń retí àṣẹ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà gbọ́dọ̀ pa òfin kan náà mọ́. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè máa pariwo "take-off" bó ṣe wù wọ́n. Òun kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ kó tó tó àkókò.

Láti ojú òfurufú, ọ̀rọ̀ náà tún ya sínú ọrọ̀ ajé. Ní 1960, W. W. Rostow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tó fi pín ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè sí ìpele márùn-ún. Ó pe ìkẹta ní "take-off," ìpele tí ọrọ̀ ajé ti sáré tó lórí ilẹ̀, tó wá lè gbé ara rẹ̀ lọ láìsí pé ẹnìkan ń tì í. Ó fi ti Britain sí láàárín 1783 àti 1802. Ọdún tí ìwé náà jáde ni Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà gba òmìnira, ó sì rọrùn láti mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn létí àwọn olóṣèlú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ta kò ó lẹ́yìn náà pé orílẹ̀-èdè kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo dàgbà. Àbá náà ti gbó, ọ̀rọ̀ náà kò gbó. Bí òwò ẹnìkan bá ti búrẹ́kẹ́, tí oníbàárà ń dà wọlé, "her business has taken off" ni wọ́n máa sọ.

Níbi yìí ni Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní Nàìjíríà ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. "The programme takes off at 10 a.m." ló máa ń wà nínú ìwé ìpè wa, ohun tó sì ń sọ kò ju pé ètò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá lọ (bóyá méjìlá, bí a bá ń sòótọ́). Owó tí ìjọba fi dá yunifásítì tuntun sílẹ̀ ni "take-off grant." Ilé tí wọ́n yá fún un kí wọ́n tó kọ́ tirẹ̀ ni "take-off site." Ẹ sọ fún ará London pé ilé-ìwòsàn kan "has taken off," yóò rò pé èrò ti ń wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀. Ohun tí ọmọ Nàìjíríà ní lọ́kàn ni pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, bóyá aláìsàn kan ò tíì dé. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Èdè tí àwọn èèyàn ń lò lójoojúmọ́ ni, tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà sí òkè òkun tàbí tó fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kàn lè fi "start" rọ́pò rẹ̀.

A tún ti jẹ́ kí "off" máa dá rìn. "Off the light." "Off the gen." "Off your shoes." Nínú Gẹ̀ẹ́sì ti Britain, "off" kì í sábà dá ṣe irú iṣẹ́ yìí: iná ń fẹ́ "turn" tàbí "switch," bàtà ń fẹ́ "take." Ẹni tó wo gbogbo ohun tó wà lókè yìí á rí i pé àwọn tó ń sọ "off the light" kò ṣìnà jù: ọ̀rọ̀ kékeré tó ní agbára ni wọ́n dì mú, wọ́n sì ju èyí tí kò wúlò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ìpè àti kíkọ kò gùn. Bí ó bá jẹ́ ìṣe, "off" ni ohùn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì. Bí ó bá di orúkọ, "take" ni ohùn ń tẹ̀. Ará Britain á fi àmì so ó pọ̀, ará Amẹ́ríkà á kọ ọ́ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan.

Bí a bá wá yọ "off" tí a fi "in" síbẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ní Britain, "take in" lè jẹ́ kí a gba ẹnìkan sílé, kí a dín aṣọ tó fẹ̀ kù, tàbí kí a tan èèyàn jẹ. Ní Nàìjíríà, ọ̀rẹ́ ìyàwó tuntun á sún mọ́ ìyá ọkọ, á rọra sọ pé, "Mummy, she has taken in," ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, nítorí ìyàwó ti lóyún. Bí ọ̀rẹ́ kan náà bá sọ ọ́ fún ará London, onítọ̀hún á máa wo ẹnu rẹ̀, á máa retí kó dárúkọ ẹni tí ìyàwó gbà sílé.